Ilẹ̀kùn Tí Kì í Dún

Ẹni tó ń gbé ilé onílé, bó bá fẹ́ kan ìṣó mọ́ ògiri, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò. Bí ọmọ rẹ̀ bá ń sáré ní pálọ̀, á ní kó rọra tẹlẹ̀. Bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ sunkún, á fi ìrọ̀rí bo ẹnu. Ṣùgbọ́n nínú ilé káfíńtà yìí, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kan ìṣó láìwẹ̀yìn. Bàbá Onílé ló fọwọ́ sí i kó tó kú. Ó ní, "Tìẹ ni, ọmọ mi, máa tún un ṣe. Ọjọ́ tí owó rẹ bá pé, kó o wá san án." Káfíńtà sì ń tún un ṣe. Ó yọ àwọn fèrèsé tó ti jẹrà, ó fi tuntun sí i. Ó kan àjà láti yàrá dé pálọ̀. Ó fi pákó tó ti sá gbẹ fún ọdún púpọ̀ ṣe ilẹ̀kùn àbáwọlé, irú pákó tí ẹlòmíràn ì bá tà fún olówó. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló dé tí kò tà á, ó ní ilé òun lòun ń ṣe.

Òní ni owó náà pé.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ìyàwó rẹ̀ ti wà nídìí áyọ́ọ̀nù. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ló ń ṣe. Aṣọ àwọn oníbàárà wà nínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, funfun lọ́tọ̀, aláwọ̀ lọ́tọ̀. Ojoojúmọ́ ni aṣọ ọkọ rẹ̀ máa ń gbẹ̀yìn. Lónìí, òun ló kọ́kọ́ lọ̀. Ó lọ ọrùn ẹ̀wù náà, ó gbé e sókè wò níwájú fèrèsé, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún un lọ̀. Ẹni tó ń lọ sí ọ́fíìsì lọ́yà lọ ra ilé kò gbọdọ̀ ní ọrùn ẹ̀wù tó dà bí etí ajá.

"Màmi, tíì yìí ńkọ́?"

Ọmọbìnrin rẹ̀ ló sọ̀rọ̀, ó tẹjú mọ́ ife rẹ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ó ga, ó sì tín-ín-rín bí okùn tí ìyá rẹ̀ ń sá aṣọ sí. Orúkọ náà ti mọ́ ilé lára débi pé Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ àti Bàbá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ làwọn òbí rẹ̀ náà ń jẹ́.

"Kí ló ṣe é?"

"Omi gbígbóná ni. Tíì kàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni, wọn ò kí ara wọn."

Ìyá àgbà, ìyá káfíńtà, rẹ́rìn-ín láti orí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, níbi tó máa ń jókòó sí kí oòrùn àárọ̀ lè kan orúnkún rẹ̀. "Mu ún bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ṣúgà tí ẹ ò fi sí i látọjọ́ yìí ló di ilé."

"Ilé ò dùn lẹ́nu, Màmá àgbà."

"Á dùn. Jẹ́ kó di tiyín ná."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé tíì náà mì bí ẹni ń gbé oògùn mì, ó sì ti ẹsẹ̀ bọ bàtà. Bàtà náà ti lanu níwájú tipẹ́. Gúlúù tí bàbá rẹ̀ fi ń lẹ pákó ló fi lẹ̀ ẹ́, ó lẹ̀ ẹ́ títí bàtà fi le bí àpótí. Bó bá ń rìn lọ, à á gbọ́ ọ ní kò, kò, kò, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwé a máa dáhùn pé, "Ta nìyẹn?" Kò sọ èyí fún ìyá rẹ̀ rí. Ó mọ ohun tí ìyá rẹ̀ máa wí: kó fara dà á díẹ̀ sí i.

Káfíńtà jáde láti inú yàrá. Ó ti wọ ẹ̀wù náà, ó gbé báàgì kékeré kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ ìkókó.

"Ẹ jókòó kẹ́ ẹ jẹun," ìyàwó rẹ̀ wí.

"Bí mo bá dé."

"Ebi ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń buwọ́ lù."

"Ebi ló jẹ́ kí n rí ohun tí n ó buwọ́ lù."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ ò tíì sọ fún mi o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ ní owó ò pé. Báwo ló ṣe wá pé?"

"Ó ṣáà ti pé."

"Ẹ yá a ni?"

"N ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè." Ó ń wá nǹkan kan nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, nǹkan tí kò sí níbẹ̀. "Gbọ́. Ọmọ Onílé ní lọ́yà lè rán èèyàn wá wo ilé kí a tó buwọ́ lùwé. Bí wọ́n bá dé, gbà wọ́n dáadáa. Kó aṣọ oníbàárà kúrò nílẹ̀. Má jẹ́ kí wọ́n bá ilé bí ibi tí ọjà tú sí."

Ọmọ Onílé ni àkọ́bí Bàbá Onílé tó kú. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá rẹ̀, ó di ọwọ́ káfíńtà mú lójú gbogbo èèyàn, ó ní òun ò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bàbá òun ṣubú lulẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni káfíńtà ti ń gbàdúrà fún un ní àràárọ̀, kó tó gbàdúrà fún ara rẹ̀.

Ó lóṣòó síwájú ìyá rẹ̀. Kò dọ̀bálẹ̀ nítorí ẹ̀wù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

"Wò ó, ẹ̀wù ti ń jẹ́ kó rí mi fín," Ìyá àgbà wí, ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ lé e lórí. "Owó ìsìnkú mi wà nínú báàgì yẹn. O rántí?"

"Mo rántí, Màmá."

"Bàbá rẹ kú sílé onílé. Onílé ní a ò gbọdọ̀ tẹ́ òkú sí pálọ̀ òun. Ìta la tẹ́ ẹ sí, lábẹ́ okùn aṣọ, tí àwọn ayálégbé ń tẹ orí ba kọjá. Èmi ò bèèrè pósí. Kí n ṣáà kú sínú yàrá tí ẹnikẹ́ni ò ní lé mi jáde níbẹ̀."

"Ẹ ò ní kú, Màmá."

"Mo máa kú. Ibi tí mo máa kú sí ni mò ń wí. Máa lọ."

Ó lọ. Wọ́n wò ó títí ó fi yà ní kọ́nà, ó ń rìn gba àárín ọ̀nà bí ẹni tó ru ìkòkò omi.

Lẹ́yìn tí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà lọ tán, Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kó apẹ̀rẹ̀ aṣọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbálẹ̀, ó fi omi àti ọṣẹ nu ojú fèrèsé, ó tún fi àkísà gbígbẹ nù ún. Ó gbé ìrẹsì kaná. Ó gbé ẹran tó rà lánàá jáde nínú abọ́, ẹran gidi, tí kì í ṣe eegun tí apẹran ń ṣà fún wọn látọjọ́ yìí, ó gé e wẹ́wẹ́, ó tún ṣàánú, ó gé ìyókù kó tóbi díẹ̀. Bí ọkọ rẹ̀ bá dé láti ọ̀dọ̀ lọ́yà, wọ́n á jẹun bí onílé.

Àwọn àlejò dé nígbà tí ọbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta sánsán. Àwọn mẹ́ta ni: ọkùnrin kan tó wọ bàtà funfun tó sì ti fáìlì bọ abíyá, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ tí oyún ti ń hàn lára rẹ̀.

"Ẹ kúulé o."

"Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ wọlé, ẹ wọlé. Bàbá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti ní ẹ máa wá."

Oníbàtà funfun wo ojú rẹ̀, ó sì wo àwọn méjì tó kù. "Ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó ní kí n gbà yín dáadáa."

"Ó káre." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ṣeun, ìyá wa."

Bóyá ibẹ̀ ló yẹ kó ti dúró. Ṣùgbọ́n ta ni í dúró lọ́jọ́ tí wọ́n wá wo ohun tó ti fi ebi kọ́? Ilẹ̀kùn ló fi bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ fi ìka kan tì í," ó sọ fún aboyún náà.

"Ìka kan kẹ̀?"

"Ìka kan ṣoṣo. Èyí tó kéré jù pàápàá."

Aboyún náà fi ọmọńdinrín rẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn náà lọ wẹ́rẹ́, ó bá férémù rẹ̀ pàdé, kò dún. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ó ṣí i, ó tún tì í, ó tún gbọ́ bí kò ṣe dún.

"Òjò ńkọ́?" ọkọ rẹ̀ bèèrè. "Mo gbọ́ pé àwọn ilé òpópónà yìí ń jò."

"Tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ọkọ mi ti gun òrùlé yẹn títí, àwọn ẹyẹ ti mọ̀ ọ́n lójú. Bí òjò bá ń rọ̀ báyìí, àfi kẹ́ ẹ yọjú síta kẹ́ ẹ tó mọ̀."

"Àwọn aládùúgbò?"

"Wọ́n lẹ́nu, àmọ́ wọn ò lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni ò jalè rí níbí."

Ó mú wọn dé ilé ìdáná, ó fi ibi tí èéfín ń gbà jáde hàn wọ́n. Ó mú wọn dé ẹ̀yìnkùlé, ó ṣí ẹ̀rọ omi kí wọ́n rí i bí omi ṣe mọ́. Ó ní omi yìí kan náà ni òun fi ń fọ aṣọ funfun, kí wọ́n wo ọwọ́ òun. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ hàn wọ́n, ọwọ́ tí ọṣẹ ti jẹ títí ó fi ń dán. Nígbà tí wọ́n dé yàrá Pẹ́lẹ́ńgẹ́, aboyún náà yọ téèpù nínú báàgì rẹ̀, ó fẹ́ wọn fèrèsé. Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sáré di etí kejì mú.

"Ẹ fà á dáadáa kó má dẹ̀," ó ní. Ó ń rò ó lọ́kàn pé iṣẹ́ lọ́yà mà kúnná o, tí wọ́n ń wọn fèrèsé pàápàá.

"Aṣọ fèrèsé aláwọ̀ ewé á bá yàrá yìí mu," aboyún náà sọ fún ọkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dún létí Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ bí òkúta nínú ìrẹsì. Ṣùgbọ́n wọ́n ti mẹ́nu kan aṣọ, ọ̀rọ̀ aṣọ sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé òkúta náà mì. "Àwọ̀ ewé dáa. Àmọ́ oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọ ibí yìí gan-an. Ẹ jẹ́ kó nípọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ṣí."

"Ẹ ṣeun, Mà," aboyún náà wí. Ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ fún un, kó tó tẹ̀lé àwọn yòókù jáde. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni.

Ìyá àgbà ò kúrò lórí àga rẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti dé. Wọ́n kí i nígbà tí wọ́n ń wọlé, ó dáhùn. Wọ́n kí i nígbà tí wọ́n ń jáde, ó tún dáhùn.

"Ìyàwó."

"Màmá."

"Àwọn wo nìyẹn?"

"Èèyàn lọ́yà ni, Màmá. Ilé wù wọ́n gan-an."

"Mo rí i pé ó wù wọ́n." Ìyá àgbà ń fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. "Ẹnu òrofó…"

"Kí lẹ fẹ́ sọ, Màmá?"

"N ò sọ nǹkan kan. Lọ wo iná rẹ."

Ọ̀sán pọ́n. Aṣọ kún orí okùn lẹ́yìnkùlé. Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń fún omi kúrò lára aṣọ bẹ́ẹ̀dì oníbàárà kan nígbà tí orí kan yọ lókè ọgbà. Má-dárúkọ-mi ni, obìnrin tó ń gbé ilé kejì. Kò sí ọ̀rọ̀ àdúgbò tí kì í tẹnu rẹ̀ jáde, kò sì sí èyí tó fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ló sọ ọ́.

"Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní mo fẹ́ bá yín sọ nǹkan, àmọ́ ẹ má dárúkọ mi."

"Ta ni n bá tún dárúkọ? Ṣé ògiri ló ń bá mi sọ̀rọ̀ ni?"

"Mo bá yín yọ̀ o. Ilé! Kì í ṣe nǹkan kékeré. Máṣíìnì yẹn ló kàn dùn mí."

"Máṣíìnì wo?"

Má-dárúkọ-mi fi ọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Ẹ ò mọ̀? Ẹnu mi yìí á sìn mí lọ síbì kan. Máṣíìnì ìfági tó wà ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ mà ni. Káfíńtà kan ní ìsàlẹ̀ ọjà ló rà á. Mo rí wọn tí wọ́n ń tì í lọ lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ́jọ́ sí, Bàbá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń tẹ̀lé e lẹ́yìn títí dé kọ́nà, bí ìgbà tí wọ́n ń gbé òkú ẹni lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi."

Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń fún aṣọ náà lọ. Ó fún un títí kò fi sí omi lára rẹ̀ mọ́, ó ṣì ń fún un. Máṣíìnì yẹn ló ń bọ́ wọn. Owó ọwọ́ alágbàfọ̀, iyọ̀ ọbẹ̀ lásán ni.

"Àwọn àlejò yín àárọ̀ yẹn ńkọ́?" Má-dárúkọ-mi tún gbé ọ̀rọ̀ mìíràn wá, kí ti àkọ́kọ́ lè tètè kọjá. "Mo rí bàtà funfun."

"Èèyàn lọ́yà ni."

"Lọ́yà kẹ̀? Ejẹ́ńtì ni o! Òun ló ta ilé mọ́ àbúrò ọkọ mi lórí. Ẹni tẹ́ ẹ bá ti rí i tó tẹ̀lé bàtà yẹn wọlé, ẹ mọ̀ pé owó ti wà lápò ẹni náà nìyẹn. Kí ni wọ́n wá…"

Ó rí ojú Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó sì rọra sọ orí rẹ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn ọgbà bí oòrùn tó ń wọ̀.

Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ti bọ́ sílẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò tíì gbé e. Ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Òrofó bímọ mẹ́fà, ó ní ilé òun kún ṣọ́ṣọ́ṣọ́. Láti kékeré ló ti mọ òwe náà. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣeré, wọ́n á na ẹnu síwájú bí ẹyẹ. Ó sáré wọlé, ó tẹ fóònù ọkọ rẹ̀. Fóònù náà dún nínú yàrá, lábẹ́ ìrọ̀rí. Kò mọ ibi tí ọ́fíìsì lọ́yà wà. Ó padà sẹ́yìnkùlé, ó gbé aṣọ bẹ́ẹ̀dì nílẹ̀, ó sì tún un fọ̀.

Kò sọ fún Ìyá àgbà. Ìyá àgbà ò sì bi í.

Nígbà tí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dé láti ilé ìwé, kò, kò, kò, ẹnu ọ̀nà ló ti gbóòórùn. "Màmi! Ẹran ni!"

"Jẹ́ kí bàbá rẹ dé ná."

"Ṣé kí n tọ́ ọbẹ̀ wò?"

"Mo ní jẹ́ kí bàbá rẹ dé ná!"

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, ó wo ìyá bàbá rẹ̀, ó lọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí wọ́n ti wọ̀n.

Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀ kí káfíńtà tó yọ ní kọ́nà. Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti rí i láti òkèèrè. Báàgì náà ṣì wà láyà rẹ̀. Ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ti ká sílẹ̀ bí etí ajá.

Kò wọlé. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀.

"Wọ́n ti tà á," ó ní.

Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti mọ àwọn tó rà á.

"Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ní kí n jókòó dúró. Ọmọ Onílé ní ẹni tó rà á san owó lọ́sàn-án yìí. Owó tiwa ò sún mọ́ ọn. Ó ní kí n má bínú. Ó ní òun ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bàbá òun ṣubú, pé ilé tí bàbá òun ní òun máa tà fún mi, ilé hẹ́gẹhẹ̀gẹ ni, àti pé ilé yẹn ò sí mọ́. Ó ní èyí tí òun tà lónìí, ilé tó dáa ni." Ó gbé báàgì náà sílẹ̀. "Mo ní, 'Ta ló sọ ọ́ di ilé tó dáa?' Ó ní, 'Ẹ kú iṣẹ́.'"

"Ó ní kí ni?" Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ bèèrè, bí ẹni tí kò gbọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́. Ó sì na ọwọ́ sí mi kí n bọ̀ ọ́. Mo bọ̀ ọ́." Ó wo ọwọ́ náà. "Ìparí oṣù la máa kó jáde."

Adìẹ ẹnì kan ń ké lọ́ọ̀ọ́kán. Ìrẹsì ti tutù nínú ìkòkò. Káfíńtà ò gbójú sókè nígbà tó tún sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ní obìnrin inú ilé ló mú wọn yíká. Wọ́n ní ó jẹ́ kí wọ́n fi ìka ti ilẹ̀kùn."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n gbà wọ́n."

"Mo ní kó o gbà wọ́n. Ṣé mo ní kó o tà á fún wọn?"

"Ta ló tà?" Ohùn rẹ̀ lọ sókè, gbogbo ohun tó ti fún mọ́ inú aṣọ látọ̀sán tú jáde. "Ẹni tó gbé ẹ̀rọ tó ń bọ́ ọmọ rẹ̀ lọ tà láìwí fún ìyàwó ló ń bèèrè ẹni tó tà?"

Ó yíjú sí i. "Ta ló sọ fún ẹ?"

Lẹ́yìn ọgbà, wọ́n gbọ́ sálúbàtà kan tó ń sáré lọ, pẹ́pẹ́pẹ́.

"Ilé ni mo fi rà!" káfíńtà kígbe.

"Ilé dà?"

Ìbéèrè náà wà lẹ́nu ọ̀nà láàárín wọn, bí ẹnì karùn-ún ilé. Inú ń bí Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ pé òun bèèrè rẹ̀, inú sì ń bí i pé kò sí ẹni tó lè dá òun lóhùn. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

"Ó tó," Ìyá àgbà wí. Ó dìde, ó fi ọwọ́ tọ ògiri, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Káfíńtà náà dìde. Ó lọ mú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìṣó híńjì ilẹ̀kùn, ti òkè lákọ̀ọ́kọ́.

"Kí lẹ ń ṣe?"

"Ohun tí mo fọwọ́ mi ṣe ni mò ń mú. Kí wọ́n máa gbé nínú ilé hẹ́gẹhẹ̀gẹ tí bàbá ẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ilẹ̀kùn yìí, fèrèsé, àjà. Gbogbo ẹ̀."

Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró wò ó díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bọ́ síwájú, ó di etí ilẹ̀kùn mú fún un kó má bàa wó lu ẹsẹ̀ rẹ̀, bó ṣe di téèpù mú láàárọ̀. Àwọn aládùúgbò ti ń dúró lójú ọ̀nà. Ẹnì kan ní, "Tú u, jàre! Ẹran tí èèyàn fọwọ́ bọ́, ṣé ẹlòmíràn ló yẹ kó pa á jẹ?" Ẹnì kejì ní, "Wọ́n á pe ọlọ́pàá o. Ohun tó bá ti mọ́ ara ilé, ti onílé ni." Ẹnì kẹta, tí òun náà ń gbé ilé onílé, káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo ilẹ̀kùn náà bí ẹni ń wo òkú ìbátan.

Híńjì ìsàlẹ̀ tú. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn kúrò, wọ́n fi ti ògiri. Ẹnu ọ̀nà là sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tó wà lójú ọ̀nà lè rí pálọ̀ títí dé inú yàrá, ó lè rí àga méjì, ó lè rí abọ́ ẹran tí wọ́n dé sórí tábìlì, ó lè rí ọmọ tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ wọlé, kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó wọlé.

"Ta ló ṣílẹ̀kùn sílẹ̀?" Ohùn Ìyá àgbà ni, láti inú yàrá. "Òtútù ń mú mi."

Káfíńtà ti di fèrèsé mú. Ó dúró.

"Ẹ gbọ́, òtútù ń mú mi."

Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọlé lọ bo ìyá ọkọ rẹ̀. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì oníbàárà tó ti fọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ló sún mọ́ ọn jù. Òun ló fi bò ó. Ìyá àgbà ń wo àjà tí ọmọ rẹ̀ kàn.

"Ṣé ìparí oṣù ni wọ́n wí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ó ṣì ku ọjọ́ mélòó kan." Ó wí i wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ń ṣírò nǹkan tó sì rí i pé ó lè tó. "Oṣù ò tíì parí."

Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò bèèrè ohun tó ń ṣírò. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú lórí aṣọ.

Láti ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ ọkọ rẹ̀. Ó gbọ́ tó bá àwọn èèyàn ojú ọ̀nà sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń túká. Ó gbọ́ tó ń mí bó ṣe ń dá nìkan gbé ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ tó sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò ní fi síbẹ̀ dáadáa, kó máa ha ilẹ̀, kó máa ké, kí onílé tuntun máa fi èjìká tì í ní àràárọ̀. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ìfági kékeré, ti ọwọ́, tó ń lọ tó ń bọ̀ létí pákó, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe é bí nǹkan ò bá tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó gbọ́ tó ní kí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ bá òun mú òróró wá nílé ìdáná. Bàtà ọmọ náà lọ, kò, kò, kò, ó sì padà.

Ó ń retí kí ilẹ̀kùn dún. Ó tẹ́tí títí. Ìró ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ nínú pálọ̀ ló fi mọ̀ pé ó ti tì í.